“Settle” Nínú Èdè Gẹ̀ẹ́sì àti Ìtumọ̀ Rẹ̀ ní Yorùbá: Àríwòye Láti Ìlobùú àti Ifọ́n-Ọ̀ṣun

0. Ìfáàrà

Láàárín àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe Gẹ̀ẹ́sì tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń bá pàdé láti ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, settle jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tí kò dà bí ẹni pé ó lè fa ìṣòro. Ó kúrú, ó sì wọ́pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹrù tí ó rù pọ̀. Omi tí ó rú tẹ́lẹ̀ tí ó wá mọ́ gaara, gbèsè tí a san tán, ìjà tí a parí, ìlú tí a tẹ̀ dó: ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni Gẹ̀ẹ́sì lè lò fún gbogbo wọn. Yorùbá kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó ní fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín àwọn ọ̀rọ̀ náà kì í sì í ṣe ti ẹwà èdè lásán.

Ibi tí pàtàkì ìyàtọ̀ yìí ti hàn gbangba ni Ìlobùú àti Ifọ́n-Ọ̀ṣun ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ìlobùú ni olú-ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀dùn. Olóbùú ni ọba ibẹ̀. Ifọ́n-Ọ̀ṣun ni olú-ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Òròlú. Olúfọ́n ni ọba ibẹ̀. Ìlú méjèèjì fara kan ara wọn, èdè kan náà ni wọ́n ń sọ, wọ́n sì ń fẹ́ ara wọn. Síbẹ̀, aáwọ̀ lórí ilẹ̀ àti ààlà ti wà láàárín wọn fún ìgbà pípẹ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025, ìjà náà tún le dé ibi pé ẹ̀mí àti dúkìá ṣòfò, tí ìjọba ìpínlẹ̀ sì kéde kónílé-ó-gbélé ní Ìlobùú, Ifọ́n-Ọ̀ṣun àti Èrìn-Ọ̀ṣun. Àpilẹ̀kọ yìí kò ní í dá ẹjọ́ láàárín ìlú kankan. Ohun tí ó fẹ́ fi hàn ni pé nínú irú aáwọ̀ báyìí, settle ni ọ̀rọ̀ tí àwọn agbẹjọ́rò, akọ̀ròyìn àti òṣìṣẹ́ ìjọba ń lò nígbà gbogbo. Àti pé ẹni tí ó bá ń túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá, tàbí tí ó ń túmọ̀ Yorùbá sí i, lè ti dá ẹjọ́ kí adájọ́ tó jókòó.

1. Orírun àti Ìtumọ̀

Inú Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ ni settle ti wá. Ọ̀rọ̀-orúkọ kan, setl, tí ó túmọ̀ sí ìjókòó tàbí àga, ni ó bí ọ̀rọ̀-ìṣe náà, ó sì bá àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe sit àti set tan. Títí di òní, Gẹ̀ẹ́sì ṣì ní ọ̀rọ̀-orúkọ settle fún àga gígùn onígi kan tí ó ní ẹ̀yìn gíga. Ìtumọ̀ ìpìlẹ̀ ni, nítorí náà, kí a fi nǹkan jókòó, tàbí kí nǹkan jókòó sí àyè rẹ̀. Ìtumọ̀ ti píparí ìjà dà bí ẹni pé ó ní orírun mìíràn pẹ̀lú: ọ̀rọ̀-ìṣe àtijọ́ kan wà tí ìró rẹ̀ súnmọ́ ti settle, tí ó túmọ̀ sí pípẹ̀tù sí aáwọ̀, tí ìtumọ̀ rẹ̀ sì ràn mọ́ settle nígbà tí òun fúnra rẹ̀ ń kú lọ.

Ìtumọ̀ ìpìlẹ̀ yìí kò ṣàjèjì sí Yorùbá. Ìdí ni a fi ń jókòó; láti ara rẹ̀ ni Yorùbá ti mú fìdí kalẹ̀ àti fìdí múlẹ̀. Ẹni tí ó bá dé ìlú tuntun, tí ó rí ilé gbé, tí ó sì rí iṣẹ́ ṣe, a ní ó ti fìdí kalẹ̀. Títí dé ibi tí a dé yìí, èdè méjèèjì jọ ń rìn ni. Ibi tí wọ́n ti yapa ni pé Gẹ̀ẹ́sì fi àga kan ṣoṣo náà jókòó síbi gbogbo, nígbà tí Yorùbá yan ọ̀rọ̀ mìíràn fún omi, òmíràn fún ìlú, òmíràn fún owó, àti òmíràn fún ìjà.

2. Àkọtọ́ àti Ìpè

Lẹ́tà t méjì ni ó wà nínú settle, e tí ó sì wà ní ìparí rẹ̀ kò ní ìró. Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ jù ni kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ t kan ṣoṣo. Ìdí rẹ̀ yé ni: Yorùbá kì í kọ kọ́ńsónáǹtì kan náà ní ẹ̀ẹ̀mejì tẹ̀lé ara wọn, nítorí pé kọ́ńsónáǹtì kan àti fáwẹ́lì kan ni sílébù rẹ̀ sábà máa ń ní. Nínú Gẹ̀ẹ́sì, iṣẹ́ kan wà tí kọ́ńsónáǹtì méjì náà ń ṣe. Wọ́n ń fi hàn pé fáwẹ́lì tí ó ṣáájú wọn kúrú. Bí ó ti rí nínú kettle, bottle àti little nìyẹn. Ṣùgbọ́n nínú title àti table, níbi tí kọ́ńsónáǹtì kan ṣoṣo wà, fáwẹ́lì tí ó ṣáájú gùn.

Àṣà yìí ti fi ojú hàn rí nínú àkọsílẹ̀ Yorùbá. Òun ni ó mú kí a máa kọ Offa, Otta àti Ebute-Metta ní àtijọ́. Àkọtọ́ òde-òní, tí a fọwọ́ sí ní ọdún 1974, kò fi àyè sílẹ̀ fún un: Ọ̀fà, Ọ̀tà, Ẹ̀búté Mẹ́ta ni. Olùkọ́ lè fi àpẹẹrẹ wọ̀nyí ṣàlàyé fún akẹ́kọ̀ọ́ pé ohun tí kò wúlò nínú àkọtọ́ Yorùbá wúlò nínú ti Gẹ̀ẹ́sì.

Ní ti àfòmọ́-ẹ̀yìn, e tí kò ní ìró náà yóò dúró níwájú kọ́ńsónáǹtì, yóò sì lọ níwájú fáwẹ́lì. Nítorí náà ni a fi ń kọ settlement pẹ̀lú e, ṣùgbọ́n settling láìsí e. Nínú settled àti settler, e kan ṣoṣo ni a ń kọ, kì í ṣe méjì.

Nínú ìpè, kò sí fáwẹ́lì láàárín t àti l. L fúnra rẹ̀ ni ó di sílébù. Yorùbá kò ní irú sílébù bẹ́ẹ̀, nítorí náà ni ọ̀rọ̀ àyálò náà fi di sẹ́tù lẹ́nu àwọn ènìyàn. Ohùn òkè bọ́ sí ibi tí Gẹ̀ẹ́sì ti tẹ ìró mọ́lẹ̀, ohùn ìsàlẹ̀ sì bọ́ sí ìparí, gẹ́gẹ́ bí ó ti máa ń rí nínú ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ àyálò.

3. Omi: Ìlò Nínú Ìmọ̀ Sáyẹ́ǹsì

Odò Ẹ̀rìnlẹ̀ ń ṣàn ní agbègbè Ìlobùú, níbi tí a ti ń bọ Ẹ̀rìnlẹ̀ gẹ́gẹ́ bí òrìṣà. Inú odò Ọ̀ṣun ni ó ń ṣàn sí. Wọ́n dí odò náà ní ìhà Ẹdẹ, láti máa pèsè omi fún Òṣogbo, Ẹdẹ àti àyíká wọn. Irú omi odò bẹ́ẹ̀ kì í ṣe é mu bí ó ti wà. Ẹrẹ̀, yanrìn àti àwọn èérún amọ̀ wà nínú rẹ̀. Ní àkókò òjò, ó máa ń pọ́n. Kí a tó mu ún, a ní láti jẹ́ kí ó dúró jẹ́ẹ́ nínú àmù tàbí nínú ìkùdù ńlá tí a fi síméńtì ṣe.

Gẹ̀ẹ́sì lè sọ nípa ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn èyí ní ọ̀nà méjì:

(1) (a) The mud settled.
    (b) The water settled.

Ọ̀rọ̀-ìṣe kan náà ni, ṣùgbọ́n ohun tí ó ṣe ẹrẹ̀ yàtọ̀ sí ohun tí ó ṣe omi. Ẹrẹ̀ kúrò níbi kan lọ sí ibòmíràn. Omi kò kúrò níbi kankan, ipò rẹ̀ ni ó yí padà. Yorùbá kò da méjèèjì pọ̀:

(2) (a) Ẹrẹ̀ náà wálẹ̀.
    (b) Omi náà tòrò.

Ohun tí ó wálẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ni gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àwọn ẹlẹ́mu àti àwọn elépo ti mọ̀ ọ́n. Àwọn tí ń ṣe ògì mọ ìyàtọ̀ náà dáadáa: ògì wà nísàlẹ̀, omidùn sì lé téńté sókè. Fún olùkọ́ sáyẹ́ǹsì, èyí já sí èrè ńlá, nítorí pé èdè tí ọmọ náà gbọ́ nílé ti ya èérún sọ́tọ̀ kúrò lára omi kí ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Irú èrè yìí wà lára ohun tí ètò ẹ̀kọ́ ọlọ́dún mẹ́fà ní èdè Yorùbá, tí Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1970, ń lépa.

Bí èérún ti ń yára wálẹ̀ tó ní òfin. George Gabriel Stokes, onímọ̀ físíìsì, ni ó gbé òfin náà kalẹ̀ ní ọdún 1851. Bí èérún kékeré kan bá wà nínú omi tí ó dúró jẹ́ẹ́, bí ìbú rẹ̀ bá di ìlọ́po méjì, ìyára rẹ̀ yóò di ìlọ́po mẹ́rin. Bí ìbú rẹ̀ bá dín sí ìdá mẹ́wàá, ìyára rẹ̀ yóò dín sí ìdá ọgọ́rùn-ún. Ìdí nìyí tí yanrìn fi ń wálẹ̀ lójú ẹsẹ̀, tí èérún amọ̀, tí ìbú rẹ̀ kò tó mìlímítà 0.002, sì lè léfòó fún ọjọ́ púpọ̀. Yàtọ̀ sí èyí, agbára iná kan náà ni ó wà lára àwọn èérún amọ̀, nítorí náà wọ́n ń ti ara wọn kúrò. Álọ́ọ̀mù tí a ń dà sínú omi ń sọ agbára náà di òfo, àwọn èérún á lẹ̀ mọ́ ara wọn, wọn á tóbi sí i, wọn á sì wálẹ̀.

Kókó kan wà níhìn-ín tí yóò wúlò níwájú: omi kò lè tòrò kí àwọn èérún inú rẹ̀ tó wálẹ̀. A lè pa á láṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe rú omi náà. Àṣẹ kò lè sọ pé ó ti tòrò.

4. Ilẹ̀: Tẹ̀dó, Fìdí Kalẹ̀ àti Fífún Ènìyàn Ní Ilẹ̀ Dó

Bí a bá sọ ọ́ nípa ènìyàn àti ilẹ̀, ọ̀rọ̀ tí ó kọ́kọ́ wá sí ọkàn olùtúmọ̀ ni tẹ̀dó. Ọ̀rọ̀-ìṣe elélà ni. Àbọ̀ rẹ̀ máa ń bọ́ sí àárín: tẹ ìlú dó, tẹ abúlé dó. Ìdó ni ibùdó, ọ̀rọ̀ náà sì wà nínú orúkọ ìlú bíi Ìdó-Ọ̀ṣun. Ṣùgbọ́n tẹ̀dó kò kan túmọ̀ sí pé ènìyàn lọ gbé ibì kan. Ó ń sọ pé òun ni ó kọ́kọ́ dé ibẹ̀, pé òun ni ó sọ igbó di ilé. Gbólóhùn mẹ́ta wọ̀nyí yàtọ̀ síra pátápátá:

(3) (a) Baba ńlá wa ni ó tẹ ibẹ̀ dó.
    (b) Wọ́n fún baba ńlá wa ní ilẹ̀ dó níbẹ̀.
    (c) Baba ńlá wa wá fìdí kalẹ̀ síbẹ̀.

Nínú (a), olùwà ni ó ni ìpilẹ̀ṣẹ̀. Nínú (b), ẹlòmíràn ti wà níbẹ̀ tí ó ní agbára láti fún un. Nínú (c), kò sí ẹni tí a dárúkọ gẹ́gẹ́ bí ẹni àkọ́kọ́. Ọ̀nà ṣí sílẹ̀ sí ìhà méjèèjì. Ní Gẹ̀ẹ́sì, ó rọrùn láti túmọ̀ (a) àti (c) sí gbólóhùn kan náà:

(4) Our ancestor settled there.

Gbólóhùn (b) yóò di:

(5) Our ancestor was settled there.

Ọ̀rọ̀ kékeré kan ṣoṣo, was, ni ó ya (5) sọ́tọ̀ kúrò lára (4). Ẹni tí ó ń kọ̀wé kánkán lè fò ó.

Ní ilé-ẹjọ́, kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré rárá. Nínú ẹjọ́ Idundun àti Okumagba, ní ọdún 1976, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ti Nàìjíríà to ọ̀nà márùn-ún lẹ́sẹẹsẹ tí ènìyàn lè gbà fi hàn pé òun ni ó ni ilẹ̀. Èyí àkọ́kọ́ ni ẹ̀rí ìtàn àtẹnudẹ́nu. Ẹni tí ó bá gbára lé ìtàn gbọ́dọ̀ sọ ẹni tí ó kọ́kọ́ ni ilẹ̀ náà, bí ó ṣe ní in, àti àwọn tí wọ́n jogún rẹ̀ títí ó fi dé ọwọ́ tirẹ̀. Gbólóhùn (3a) dáhùn ìbéèrè méjì àkọ́kọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Gbólóhùn (3b), ní ìdàkejì, lè sọ olùwà rẹ̀ di ẹni tí ó yẹ kí ó máa san ìṣákọ́lẹ̀ fún àwọn tí wọ́n fún un nílẹ̀. Nígbà tí àgbàlagbà kan bá sì ń jẹ́rìí ní Yorùbá, Gẹ̀ẹ́sì ni a fi ń kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sínú ìwé ilé-ẹjọ́. Ìwé náà ni ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn yóò kà. Wọn kò ní í gbọ́ ohùn àgbàlagbà náà. Ohun tí ògbufọ̀ bá sọ ni wọn yóò rí. Bí ògbufọ̀ bá fi settled dí ojú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó ti pa ẹ̀rí méjì run láìmọ̀.

Ewu kan náà wà nínú ọ̀rọ̀-orúkọ settler. Nínú ìwé ìtàn Amẹ́ríkà, ó sábà máa ń tọ́ka sí àwọn tí wọ́n wá tẹ ibùdó tuntun dó. Nínú ìwé ìròyìn Nàìjíríà, ó ń tọ́ka sí ẹni tí kì í ṣe ọmọ bíbí ìlú. Olùtẹ̀dó ni èkíní. Àtìpó tàbí àtọ̀húnrìnwá ni èkejì. Ẹni tí ó bá ń ka ìròyìn lórí Ìlobùú àti Ifọ́n-Ọ̀ṣun, tí ó sì túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà sí àtìpó fún ará ìlú kan, ti gba ìhà kan nínú ẹjọ́ tí kò sí ní ọwọ́ rẹ̀. Bí ìdí bá wà tí a fi gbọ́dọ̀ lo ọ̀rọ̀ náà, kí a sọ ẹni tí ó pè wọ́n bẹ́ẹ̀.

Ìlò kan tún wà tí kò ní aáwọ̀ nínú. Láti ọdún 1959 ni ìjọba Ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà ti bẹ̀rẹ̀ ètò ibùdó àwọn àgbẹ̀, bí irú ti Ìlọrà àti Akùfọ̀. Fáàmù sẹ́tùmẹ́ǹtì ni àwọn ènìyàn ń pè é. Ibùdó àgbẹ̀ tó fún un nínú ìwé.

5. Owó àti Ìjà

Ní ti gbèsè, san tàbí san tán ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní Nàìjíríà, settle tún gba ìtumọ̀ mìíràn tí ó gbilẹ̀ ní àsìkò ìjọba Ọ̀gágun Ibrahim Babangida, láti ọdún 1985 sí 1993: kí a fi owó di ènìyàn lẹ́nu. Ìtumọ̀ yìí ni ọ̀rọ̀ àyálò náà, sẹ́tù, gbé wọ Yorùbá. Bí ẹnìkan bá ní “wọ́n ti sẹ́tù wọn”, àbẹ̀tẹ́lẹ̀ ni ọ̀pọ̀ olùgbọ́ yóò rò. Láàárín àwọn oníṣòwò Ìgbò, ó tún jẹ́ owó ìbẹ̀rẹ̀ okòwò tí ọ̀gá ń fún ọmọ-iṣẹ́ tí ó sìn ín tán, èyí tí kò ní àbùkù kankan. Nítorí ìdí yìí, kò yẹ kí a lo sẹ́tù nínú ìròyìn nípa ìpàdé àlàáfíà. Owó ìrànwọ́ tí a san fún àwọn tí ilé wọn jóná lè di owó ẹ̀yìn létí àwọn olùgbọ́.

Ní ti ìjà, iṣẹ́ pọ̀ jù lọ. Kí a gbé gbólóhùn kan yẹ̀ wò, irú èyí tí ó máa ń wà nínú ìkéde:

(6) The matter has been settled.

Ó kéré tán, ohun márùn-ún ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó lè túmọ̀ sí:

(7) (a) Àwọn àgbà ti làjà.
    (b) Ilé-ẹjọ́ ti dá ẹjọ́ náà.
    (c) Wọ́n ti pa ààlà ilẹ̀ náà.
    (d) Àwọn méjèèjì ti parí ìjà.
    (e) Ìlú ti tòrò.

Ọ̀kan kò fi dandan mú èkejì wá. Adájọ́ lè dá ẹjọ́ kí ìjà má parí. Òwe àwọn àgbà sọ pé a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Àwọn tí ń wọn ilẹ̀ lè pa ààlà kí ìhà kan má gbà á. Kónílé-ó-gbélé lè mú kí òpópónà dákẹ́ jẹ́ẹ́, ṣùgbọ́n ìdákẹ́jẹ́ẹ́ kì í ṣe ìtòrò. Ìtàn Yorùbá jẹ́rìí sí i. Ní ọdún 1886 ni a fọwọ́ sí àdéhùn tí ó yẹ kí ó parí ogun Kírìjì, síbẹ̀ ó di ọdún 1893 kí àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn àti ti Ìlọrin tó tú ibùdó wọn ká. Ọ̀rọ̀ Modákẹ́kẹ́, tí àdéhùn náà kàn, tún dá ìjà sílẹ̀ títí di ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún ogún. Ní Gẹ̀ẹ́sì, a lè kọ settled sí ẹ̀gbẹ́ ọdún 1886. Ní Yorùbá, wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn ni. Ilẹ̀ kò tíì tòrò.

Ìyàtọ̀ yìí kan ẹ̀mí ènìyàn. Ẹni tí ó sá kúrò nílé pẹ̀lú ọmọ rẹ̀, tí ó wà lọ́dọ̀ ìbátan ní Òṣogbo, rédíò ni ó ń tẹ́tí sí. Bí ó bá gbọ́ pé “ọ̀rọ̀ ti parí”, ó lè di ẹrù rẹ̀, kí ó padà. Bí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ bá jẹ́ pé àwọn aṣojú ìlú méjèèjì ṣe ìpàdé kan ni, olùtúmọ̀ ti fi í ránṣẹ́ sínú ewu.

6. Àbá Lórí Ọ̀rọ̀-Ìperí

Iṣẹ́ ńlá ni àwọn onímọ̀ ti ṣe lórí èdè-ìperí Yorùbá. Ayọ̀ Bámgbóṣé ni olóòtú ìdìpọ̀ kìíní lórí èdè, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni, tí ó jáde ní ọdún 1984. Ọládélé Awóbùlúyì ni olóòtú ìdìpọ̀ kejì, ní ọdún 1990. Àwọn ọ̀rọ̀ iṣẹ́-òye ni irú àkójọ bẹ́ẹ̀ dojú kọ jù lọ. Ọ̀rọ̀-ìṣe ojoojúmọ́ bí settle náà nílò àmójútó, pàápàá nígbà tí ó bá wọ inú sáyẹ́ǹsì tàbí òfin. Àwọn ìtumọ̀ tí ó tẹ̀lé yìí ni ó bá àlàyé òkè mu:

(i) Èérún nínú omi: wálẹ̀, ọ̀rọ̀-orúkọ, ìwálẹ̀ èérún.
(ii) Omi fúnra rẹ̀: tòrò, ọ̀rọ̀-orúkọ, ìtòrò.
(iii) Ohun tí ó wálẹ̀: gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀.
(iv) Ẹni tí ó kọ́kọ́ dé ilẹ̀: tẹ̀dó, olùtẹ̀dó.
(v) Ẹni tí a fún ní ilẹ̀: fún ní ilẹ̀ dó, kí a sì dárúkọ ẹni tí ó fún un.
(vi) Ẹni tí ìtàn kò sọ bí ó ṣe dé: fìdí kalẹ̀.
(vii) Gbèsè: san tán.
(viii) Aáwọ̀: làjà, dá ẹjọ́, pa ààlà, parí ìjà, gẹ́gẹ́ bí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ gan-an bá ti rí.
(ix) Ìlú lẹ́yìn ìjà: rọlẹ̀, bí ìjà bá dáwọ́ dúró, tòrò, bí àwọn ènìyàn bá ti padà sí ilé àti oko wọn láìsí ìfòyà.

Ó yẹ kí olùtúmọ̀ tí kò mọ èyí tí ó tọ̀nà nínú (viii) béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó kọ Gẹ̀ẹ́sì náà. Bí kò bá sí ẹni tí yóò béèrè lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó sọ ohun tí a fi ojú rí: pé wọ́n ṣe ìpàdé, pé wọ́n fọwọ́ sí ìwé, pé wọ́n ká àṣẹ kónílé-ó-gbélé kúrò.

7. Àgbálọgbábọ̀

A máa ń gbọ́ pé Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀ tó láti fi ṣe sáyẹ́ǹsì àti òfin. Ọ̀rọ̀ settle fi hàn pé òdìkejì rẹ̀ náà máa ń ṣẹlẹ̀. Níhìn-ín, Yorùbá ni ó ní ọ̀rọ̀ púpọ̀, Gẹ̀ẹ́sì ni ó ní ẹyọ kan. Iṣẹ́ olùtúmọ̀ kì í ṣe láti wá ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí yóò máa dúró fún un níbi gbogbo, bí kò ṣe láti mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀, ẹni tí ó ṣe é, àti ibi tí ó parí sí. Ìlobùú àti Ifọ́n-Ọ̀ṣun yóò máa jẹ́ aládùúgbò títí láé. Kò sí ìlú tí yóò ru ilẹ̀ rẹ̀ lọ. Ohun tí àwọn ará ibẹ̀ lè béèrè lọ́wọ́ àwọn olùkọ́ àti olùtúmọ̀ kò pọ̀: kí wọ́n má ṣe sọ pé omi ti tòrò nígbà tí ẹrẹ̀ ṣì ń léfòó nínú rẹ̀.